Akọni Tó Ń Ṣubú

Kò sí ẹni tó bi Àsíátù léèrè kí wọ́n tó fi í sínú ìwé. Ó kàn ṣí ìwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nima, ní Accra, níbi tó ti ń ta òwú, síìpù, bọ́tìnnì àti léèsì fún àwọn aránṣọ, ó sì bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀, tó ń ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nasrullah, ló ya àwòrán inú ìwé náà. Afua, ọ̀rẹ́ Nasrullah láti ilé ìwé, ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìtàn àwọn akọni márùn-ún tó kóra jọ láti gba Accra lọ́wọ́ omíyalé ni, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Márùn-ún Odò Odaw. Kì í ṣe irú ìwé àwòrán tí wọ́n máa ń gé sí wẹ́wẹ́, tí òǹkàwé á máa retí apá kejì títí ọrùn á fi wọ́ ọ. Odindi ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Mate kan, ìyẹn agbowó ọkọ̀ trotro tó ń kó èrò, wà nínú wọn tí igbe rẹ̀ ń dá ọkọ̀ padà. Ìyá arúgbó kan ń gbọ́ ohùn omi lábẹ́ ilẹ̀. Kayayó kan, alábàárù ọjà, lè fi orí gbé odindi ilé. Èéfín ààrò ọkùnrin aláwáàkyé kan, tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà, sì ń di ògiri. Ìkarùn-ún wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dúró. Bí Dúró bá ti ṣubú lulẹ̀, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo nǹkan á dúró: omi á dúró, ọkọ̀ á dúró, ẹyẹ á dúró lójú òfuurufú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin nìkan ló máa lè rìn, wọn á sì sáré kó àwọn èèyàn kúrò lọ́nà omi kó tó jí.

Àsíátù wo Dúró nílẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká kò bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Orí rẹ̀ yí sí ọ̀tún. Kayayó kúnlẹ̀ tì í, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń ki ṣíbí bọ àárín eyín rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣubú kì í rí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àsíátù ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láìmọye ìgbà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń ká àti ibi tí orí rẹ̀ máa ń yí sí. Ní ti ṣíbí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn rẹ̀ fún un. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán sí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó pa ìwé náà dé, ó tì í sábẹ́ léèsì, ó sì jókòó.

Wárápá ni orúkọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n wọn kì í dá orúkọ yẹn nílé wọn. “Ọ̀ràn yẹn” ni wọ́n ń pè é. Agboolé tí wọ́n ń gbé kún fọ́fọ́, Yorùbá, Hausa àti Dagomba jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan, síbẹ̀ ìyá wọn, Alhájà Nàfísátù, ti bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí Àsíátù ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ dé, ilẹ̀kùn á tì, rédíò á lọ sókè, wọ́n á sì ní Àsíátù ń sùn. Oògùn ọsibítù ti jẹ́ kó rọlẹ̀ gan-an. Ó lè lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má yọjú. Àmọ́ ìfòyà àti àìsùn ni oúnjẹ rẹ̀, bó bá sì ti rí méjèèjì jẹ, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa dé.

Àsìkò náà gan-an ni ìdílé Yusif, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní Circle, ń múra láti Alajo láti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Yusif kò mọ nǹkan kan. Alhájà ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó pa ẹnu mọ́. “Bí o bá ti dé ọ̀hún, tí o ti bímọ,” ó ní, “ta ni yóò lé ẹ?”

Ìwé kò sì ṣeé fi pamọ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń kà á. Àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ń yá a lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ń jiyàn lé e lórí nínú trotro. Àwọn kan ní Hausa àti Yorùbá tí Afua dà pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn mìíràn ní ohun tó mú un dùn gan-an nìyẹn. Inú ń bí ọ̀pọ̀ wọn pé ìtàn parí, àwọn akọni márààrún sì túká lọ sílé wọn láìsí ìlérí pé wọ́n á tún pàdé. Ṣùgbọ́n bí ìjà wọn ṣe lè pọ̀ tó, wọ́n fẹnu kò lórí Dúró pé òun ló dára jù. Àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé á ṣubú sórí yanrìn, àwọn yòókù á sì gan sójú kan bí ère, títí ẹni tó ṣubú á fi dìde.

Inú Àsíátù ìbá dùn bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n yà.

“Anti Àsí,” ọmọbìnrin aránṣọ kan bi í bó ṣe ń yan síìpù, “nínú àwọn márààrún, ta lẹ fẹ́ràn jù?”

“Màmá tó ń gbọ́ ohùn omi.”

“Èmi, Dúró ni. Bó ṣe ń ṣubú yẹn, ó dà bíi pé ẹni tó yà á ti rí i rí.”

Síìpù tí Àsíátù ń kà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn oníbàárà. Bí ẹnì kan bá wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó máa fà á sẹ́yìn. Bí ẹni méjì bá ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, á rò pé òun ni wọ́n ń sọ. Kò sùn dáadáa mọ́, àìsùn yẹn náà sì tún ń dẹ́rù bà á.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó bá Nasrullah níbi tó ti ń jẹ kenkey àti ẹja ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ bi mí?”

“Bi ẹ́ ní kí ni?”

“Kí ẹ tó yà mí.”

Nasrullah wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ kọ́.”

“Ọwọ́ mi ni.”

Nasrullah ní, “Àsíátù, ṣe ni mo sọ ọ́ di akọni. Láti kékeré ni mo ti ń wò ọ́ tí ò ń ṣubú, tí n kò lè ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kó wúlò fún nǹkan.”

“Kó wúlò fún ta ni?”

Ó ti kenkey síwájú, kò jẹ ẹ́ mọ́. Ó ní àwọn òǹkàwé máa pàdé òun àti Afua lọ́jọ́ kejì ní ilé ìtàwé kan ní Kokomlemle, àti pé bí wọ́n bá bi òun nípa Dúró, òun á ní inú orí òun ló ti wá. Ọkàn Àsíátù kò balẹ̀. Nasrullah kì í ṣe ẹni tó lè purọ́ kí ojú rẹ̀ má tú u fó. Ìdí nìyẹn tí òun náà fi lọ síbẹ̀. Yusif, tó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ní òun á sìn ín lọ, Àsíátù kò sì rí àwáwí tó lè fi dá a dúró.

Ilé ìtàwé náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan dúró, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Àsíátù mú àga tó sún mọ́ ògiri, Yusif jókòó tì í. Wọ́n bi Afua léèrè ìdí tí àwọn akọni náà kò fi ní padà wá. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ilé ló ń lọ, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n ti rí Dúró.

“Inú orí mi,” ni Nasrullah wí. Ó yára sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọjá.

Obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní Fèyísọ́lá ni orúkọ òun, pé Yorùbá ni òun náà, àmọ́ Alajo ni wọ́n bí òun sí.

“Ìwé yín dùn,” ó ní. “Mo rà á fún àwọn ọmọ mi. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá bá wa níbi iṣẹ́. Wárápá mú un ní kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ìwé yín, wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹ ṣe yà á. Eyín rẹ̀ méjì ló já. Ọ̀kan wọ ọ̀nà ọ̀fun. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ wa.”

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ́kọ́ fọhùn. “Ojú ìwé yẹn ló dáa jù nínú ìwé yìí,” ó ní. “Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ìfẹ́ ni ṣíbí yẹn.”

“Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni,” ni Fèyísọ́lá dá a lóhùn. “Àwọn ọmọ yẹn náà fẹ́ràn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.”

Òógùn ti bo iwájú orí Nasrullah. “Èmi ò mọ̀,” ó ní. “Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Àwọn wo ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀?” ni nọ́ọ̀sì náà béèrè.

Ojú Nasrullah fò kọjá lórí gbogbo èèyàn, ó bà lé Àsíátù, ó sì sáré kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí i. Ṣùgbọ́n Yusif tẹ̀ lé ojú náà dé ibi tó bà lé. Ó wo Àsíátù. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, tó ti fi ìborí rẹ̀ wé pinpin.

Ẹ̀rù tó ba Àsíátù nígbà náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ohun tó ń rò kọ́ ni pé Yusif ti mọ̀. Ohun tó ń rò ni pé ọ̀ràn yẹn lè dé báyìí, níbí, lójú gbogbo àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gan bí ère, tí wọ́n á máa retí kí ọkọ̀ dúró lójú títì. Ó dìde, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, ó bọ́ síta.

Yusif tẹ̀ lé e jáde, wọ́n sì wọ trotro padà. Mate ń pe Nima, ń gba owó, ń bá obìnrin kan jà nítorí agbọ̀n tòmátò, Yusif sì ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò rí ìlú yìí rí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Àsíátù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

“Béèrè,” ó ní.

“Kí ni kí n béèrè?”

“Ohun tí o rí.” Bó ṣe rí i pé kò ní béèrè, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó dá orúkọ àìsàn náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ níta nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu pé àwọn tó ń kọjá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?”

“Màmá ní kí n má sọ.”

“Ìwọ ni mò ń bi, Àsíátù.”

“Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Yusif mi orí. “Jẹ́ kí n lọ ronú,” ó ní, ó sì sọdá títì lọ. Kò pè lọ́jọ́ yẹn. Kò pè lọ́jọ́ kejì. Àsíátù gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, ó ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.

Nígbà tí Alhájà gbọ́ nílé, ó bú Nasrullah títí ohùn fi há a lọ́fun. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ti fi gègé ba ayé ọmọ òun obìnrin jẹ́. Nasrullah ní òun á kó gbogbo ìwé tó kù jọ, òun á dáná sun ún. Àsíátù jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán.

“Màmá,” ó ní, “ta ló kọ́ yín ní ṣíbí?”

“Ìyá mi. Wọ́n ní bí a kò bá fi nǹkan sí i, onítọ̀hún á gbé ahọ́n rẹ̀ mì.”

“Nọ́ọ̀sì yẹn ní kò sí ẹni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ wo eyín mi.”

Alhájà kò fẹ́ wò ó. Nígbà tó wò ó, ó rọra jókòó sórí àkéte. “Èmi ni mo ṣe é?”

“Ẹ ò mọ̀, Màmá.”

“Ṣé ó máa ń dùn ẹ́?”

“Tí mo bá jí ni.”

Alhájà fi ìborí bo ojú, kò sì bú ẹnikẹ́ni mọ́.

Afua wá sílé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kò sí apá kejì tí àwọn lè fi tún àṣìṣe ṣe, àti pé iná kò lè jó èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó dábàá pé kí wọ́n tún ojú ìwé yẹn yà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo èyí tó kù ní ilé ìtàwé, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ti rà á. Nasrullah ní òun á pe Fèyísọ́lá kó wá sọ bó ṣe yẹ kó rí.

“Ẹ pè é,” Àsíátù ní. “Ṣùgbọ́n èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ.”

Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí kayayó ju ṣíbí nù. Kó yí Dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó fi òṣùká rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kó tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kó má sì dì í mú. Fèyísọ́lá, lórí fóònù, ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé bó bá pẹ́ jù, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

“Lẹ́yìn náà kó sọ ibi tó wà fún un,” ni Àsíátù fi kún un.

Nasrullah gbé ojú sókè. “Báwo?”

“Tí mo bá jí, mi ò kì í mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀yin á kóra jọ lé mi lórí, ẹ ó máa sunkún. Mo máa ń rò pé ẹnì kan ló kú. Kí ó kàn sọ fún un pé, ‘Nima lo wà, ọ̀sán ni, ó ti tán.’”

Nasrullah kọ ọ́ sílẹ̀. “Mi ò bi ẹ́ rí,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí a ti jọ wà. Má bínú.” Ó fi gègé tọ́ka sí àwòrán náà. “Ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́? Ṣé kí n yọ ọ́?”

Àsíátù ronú sí i. “Ẹ fi í sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.”

Wọ́n ń ti ilé ìtàwé kan bọ́ sí òmíràn láti lẹ ojú ìwé tuntun náà. Kò wu gbogbo èèyàn. Àwọn kan kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti sọ ìwé akọni di ìwé ọsibítù. Àwọn kan ní èyí tí ṣíbí wà nínú rẹ̀ ni ojúlówó, wọ́n sì ń wá a kiri bí ẹni ń wá wúrà. Ọ̀dọ́kùnrin tó sunkún yẹn kọ̀wé pé òun ti ka tuntun náà, òun kò sunkún, ṣùgbọ́n òun ti fi han ìyá òun. Fèyísọ́lá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti ọmọ tí eyín rẹ̀ já, Nasrullah àti Afua lọ sílé wọn. Bàbá ọmọ náà gba ẹ̀bẹ̀ wọn ní ìdúró, kò fún wọn ní àga.

Ìyá Yusif, Alhájà Àwẹ̀ró, wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Àsíátù kúnlẹ̀ kí i. Alhájà Àwẹ̀ró ní òwú dúdú ni òun wá rà. Nígbà tí Àsíátù di òwú náà fún un, kò gbà á. Ó jókòó.

“Ọmọ mi ti sọ fún mi,” ó ní. “Ó ní ẹnu rẹ lòun ti gbọ́ ọ, kì í ṣe níta. Mo ní ohun kan láti bi ẹ́. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ, tí àìsàn náà bá dé ńkọ́?”

Alhájà Nàfísátù ìbá ti dáhùn pé Ọlọ́run kò ní jẹ́. Àsíátù nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìbéèrè yìí ló ti ń bi ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ̀ pé òun lè di ìyá.

“Mi ò ní máa pọ̀n ọ́n bí mo bá dá wà, mà. Ilẹ̀ ni màá ti máa jókòó wẹ̀ ẹ́. Mi ò ní gbé e sún mọ́ iná. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ kó tó dé, ẹnu mi á korò bí ẹni lá irin. Nígbà mìíràn mi ò ní mọ̀.”

“Nígbà tí o kò bá mọ̀ ńkọ́?”

“Àfi kí ẹlòmíràn wà nítòsí, mà.”

“Èmi ò tíì gbà o,” ni Alhájà Àwẹ̀ró wí. “Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ èyí tó bí mi nínú jù ni ìyá rẹ. Ṣé ó fẹ́ kí n gbé ọmọ-ọmọ mi lé ẹ lọ́wọ́ láìmọ ohun tó yẹ kí n máa ṣọ́ ni?”

“Ẹ dákun, mà.”

Ó gba òwú, ó sì lọ.

Yusif pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti bá àwọn ará ilé rẹ̀ jà. Ó ní àwọn ti sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà síwájú di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ó béèrè orúkọ oògùn tó ń lò. Àsíátù pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ń tún un pè.

Nígbà tí ààwẹ̀ tán, wọ́n wá. Wọn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Yusif kọ̀ láti bá wọn wá, àwọn méjì mìíràn sì wí àwáwí. Àsíátù kò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́jú, ẹ̀rù yẹn kò sì kúrò lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàdúà, bí wọ́n ṣe ń dá orúkọ ìdílé méjèèjì, tí Nasrullah ń pín omi. Nínú yàrá, ó ń tọ́ ẹnu ara rẹ̀ wò, bóyá yóò korò. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó jáde wá jókòó, Alhájà Àwẹ̀ró ní kí àbúrò rẹ̀ sún kúrò lórí ẹní. Ó tẹ́ ìborí rẹ̀ sílẹ̀ bí ìrọ̀rí, ó pe Àsíátù wá sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ títí wọ́n fi parí àdúà.